Àmì Wo Lẹ Mú Dání?

Nílé obì wa ní Ṣàgámù, a kì í torí pé ojú èèyàn dáa gbé ẹrù fún un. Tí oníbàárà bá ra obì, tó sanwó, tó ní òun á rán ẹnì kan wá gbé e, a máa bi ẹni tó rán wá ní àmì. Ọkọ mi ló gbé òfin yìí kalẹ̀, kò sì fi ọ̀nà kan ṣoṣo há àwọn èèyàn mọ́. Àwọn ará Òkè Ọya tó ti ń bá wa rajà tipẹ́ máa ń mú okùn wá, okùn tí a ta ní kókó bákan náà pẹ̀lú èyí tó wà lára agbọ̀n wọn. Ẹni tí kò bá ní okùn, kó mú ẹnì kan tí a mọ̀ wá. Ẹni tí kò bá mọ ẹni tí a mọ̀, kó pe ọ̀gá rẹ̀ sórí fóònù kí a gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní ọ̀kankan nínú gbogbo rẹ̀, a máa bu omi tútù fún un, yóò mu ún, a ó sì kí i pé ó dàbọ̀.

Mo ti rí ọkùnrin onírùngbọ̀n tó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún lẹ́nu ọ̀nà wa nítorí okùn tó já bọ́ lọ́nà. Ẹ̀rín ni mo ń rín. Mo ní kó padà lọ wá a, bóyá ewúrẹ́ ò tíì jẹ ẹ́ tán. Mi ò mọ̀ nígbà náà bó ṣe máa ń rí lára ẹni tó mọ̀ dájú pé òun lòun ni nǹkan, àmọ́ tí kò ní ohun tó máa fi hàn.

Àwa méjì ni ìyàwó ọkọ wa. Èmi ni ìyáálé. Orogún mi, ìyàwó ni mo máa ń pè é títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ewú ti gba iwájú orí rẹ̀. Kó tó wọlé wa, ṣájà àti awọ fóònù ló ń tà ní gáréèjì, nítorí náà bí mo ṣe mọ obì ló ṣe mọ fóònù. Èmi ò kàwé púpọ̀. Mo lè kọ, mo lè kà, mo sì lè bú èèyàn lọ́nà tí kò sí nínú ìwé. Ìyàwó náà lẹ́nu, ṣùgbọ́n tirẹ̀ tutù. Tí mo bá sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí i, á ní ẹ ṣeun, ìyáálé. Èmi ni mi ò ní rí oorun sùn lóru.

Ọkọ wa ní àìsàn ìtọ̀ ṣúgà. Dókítà ti pe àwa méjèèjì jókòó, ó ṣàlàyé fún wa, ó sì jọ pé èmi ló ń wò jù nígbà tó ń sọ ọ́. Ó ní oògùn ọkùnrin yìí ń lé ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀; bó bá lò ó tí kò jẹun, ṣúgà náà á lọ sílẹ̀ jù. Á máa làágùn, á máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tó mutí, kò ní mọ ibi tó wà mọ́. Ó ní kí a tètè fún un ní nǹkan dídùn mu nígbà tó bá ṣì lè gbé e mì. Bí a bá jẹ́ kó dákú, ó lè má jí mọ́. Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ni mo gbé wálé.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, ó jí lọ sí Ìlárá láti wo obì tí àwọn àgbẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ká. Ọjọ́ ìyàwó ni, òun ló ń dáná, òun ló sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́jú. Èmi wà ní yàrá mi, mo kàn gbọ́ tí ilẹ̀kùn dún, tí ọkùnrin náà ń wúkọ́ lọ. Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán ni mo wọ yàrá rẹ̀ lọ mú òṣùwọ̀n, ni mo bá rí oúnjẹ tí wọ́n dé, ọwọ́ ò kàn án. Páálí oògùn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ti lo ti òwúrọ̀ yẹn.

Mo pe ìyàwó. Ó wo oúnjẹ, ó wo oògùn, ó ní ọkọ wa sọ fún òun pé òun á jẹun ní Ìlárá. Mo ní ta ló ń dáná fún un ní Ìlárá. Ó ní òun náà bi í bẹ́ẹ̀. Ìjà ò tíì bẹ̀rẹ̀, mo ṣì ń pọ́n ọ̀bẹ lọ́wọ́ ni, mo bá pe fóònù ọkùnrin náà. Ó dún, ó dún, kò gbé e. Mo tún pè é, bákan náà. Mo wá pe àgbẹ̀ tó lọ bá. Àgbẹ̀ ní ó ti kúrò lọ́dọ̀ àwọn tipẹ́, òun fúnra òun ló bá a dá bọ́ọ̀sì kékeré dúró. Ó ní àwọn fi oúnjẹ lọ̀ ọ́, kò jẹ ẹ́, ó ní oúnjẹ ń dúró de òun nílé.

Òtútù mú mi nínú oòrùn. Láti Ìlárá sí Ṣàgámù kì í ṣe ìrìn àjò tí èèyàn ń di ẹrù fún. Mo ro Ògèrè, níbi tí àwọn tírélà ti ń tò bí ilé lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀. Mo ro igbó tó wà lẹ́yìn wọn, àti àwọn tó ń ti inú igbó jáde. Lẹ́yìn náà ni mo ro pé bóyá kò sẹ́ni tó jáde sí i rárá. Bóyá ó kàn jókòó síbì kan tó ń làágùn, tí àwọn èèyàn ń kọjá, tí wọ́n ń sọ pé ẹ wo àgbàlagbà yìí, ọ̀sán gangan ló ti mutí yó. Èyí ló bà mí lẹ́rù jù. Ajínigbé ṣì máa ń pe ará ilé èèyàn. Ṣúgà kì í peni.

Ìyàwó ló rántí àkáǹtì. Ó ní fóònù ńlá tí ọkọ wa ń lò ní àkáǹtì kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ṣí fún un lọ́jọ́ tó rà á. Ẹni tó bá wọ inú àkáǹtì náà lè rí ibi tí fóònù wà lórí máàpù. Mo bi í pé kí ló wá ń dúró dè. Mo na fóònù tèmi sí i, a sì jókòó sórí àpótí níta, ní ọ̀kánkán ilé obì, nítorí ibẹ̀ ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti máa ń dáa.

Fóònù tèmi ò tilẹ̀ wọlé. Ó yí, ó yí, ó wá kọ nǹkan sójú. Ìyàwó kà á, ó mi orí, ó ní fóònù mi ti gbó jù. Mo ní kí ló kan ọjọ́ orí nínú kí èèyàn wá ọkọ rẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún mi bí ẹni tó ń kọ́ ọmọdé ní nǹkan nínú ilé tó ń jó. Ó ní ṣé mo rí i, fóònù ló ń lọ kan ilẹ̀kùn. Ẹ̀rọ ńlá kan wà níbi tó jìnnà tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn náà. Bí fóònù bá kàn án, olùṣọ́ á ní ta nìyẹn, á sì ka àwọn àmì tí òun ń gbà: mò ń gba ọ̀rọ̀ aṣínà tí onílé nìkan mọ̀, mò ń gba ìka ọwọ́, mò ń gba nọ́ńbà tí èmi fúnra mi bá fi ránṣẹ́. Fóònù á wo àpò ara rẹ̀ bóyá ó ní ọ̀kan nínú ìwọ̀nyẹn. Bí wọ́n bá fohùn ṣọ̀kan lórí ọ̀kan, ó kù sọ́wọ́ ẹni tó mú fóònù dání láti mú àmì náà wá. Bí wọn ò bá rí ọ̀kan tí àwọn méjèèjì jọ mọ̀, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ó ní ọ̀nà tí fóònù tèmi mọ̀ láti fi bá olùṣọ́ sọ̀rọ̀ ní bòókẹ́lẹ́ ti di ti àtijọ́. Àwọn olè ti mọ̀ ọ́n tán, olùṣọ́ ò sì fetí sí i mọ́.

Mo ní, "Ṣé omi tútù ló bù fún wa yẹn?"

Ó ní, "Omi náà kọ́, ìyáálé."

A mú fóònù tirẹ̀. Ìyẹn dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì dá a lóhùn, ṣùgbọ́n olùṣọ́ fura. Kò rí fóònù náà pẹ̀lú àkáǹtì yìí rí. Ìyàwó ní ká ní fóònù tí ọkọ wa ti fi wọlé rí ni, ìbéèrè ò ní pọ̀. Ó kọ́kọ́ béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà.

Kí ni ọkùnrin wa lè fi ṣe ọ̀rọ̀ aṣínà? Ìyàwó tẹ orúkọ àkọ́bí tirẹ̀. Wọn ò ṣílẹ̀kùn. Kí n má purọ́, nínú gbogbo ẹ̀rù yẹn, inú mi dùn díẹ̀. Mo ní kó tẹ orúkọ àkọ́bí tèmi, mo sì ti ń na ọrùn. Wọn ò ṣí. Mo rí ẹ̀rín ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu ìyàwó. A tẹ orúkọ ìyá ọkọ wa. A tẹ obì. Ojú fóònù wá pọ́n, ó ní bí a bá tún ṣì í, òun á ti ilẹ̀kùn fún ìgbà díẹ̀, kò sì sọ bí ìgbà díẹ̀ náà ṣe gùn tó. Mo di ọwọ́ ìyàwó mú kó má fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ tutù bí ọwọ́ ẹni tó ń fọ obì láàárọ̀ ọyẹ́.

Nísàlẹ̀, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí a gba ọ̀nà mìíràn. A tẹ̀ ẹ́. Olùṣọ́ ní ó dáa, ẹ lọ sídìí fóònù yín kejì, ẹ tẹ bẹ́ẹ̀ ni lójú rẹ̀, èmi á ṣílẹ̀kùn. Fóònù kejì yẹn sì ni èyí tí à ń wá. Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu mi, irú ẹ̀rín tó máa ń mú èèyàn níbi ìsìnkú. Mo ní kí ìyàwó sọ fún un pé ká ní mo rí fóònù yẹn, kí ni mo fẹ́ wá bá òun ṣe. Ó ní olùṣọ́ yìí kì í gbọ́ àwíjàre, ohun tí òun fúnra rẹ̀ bá ti kà sílẹ̀ nìkan ló ń gbà.

A tún gba ọ̀nà mìíràn. Ó ní kí a fi ìka kan ojú fóònù. Mo ti na ìka mi kí ìyàwó tó dì í mú. Ó ní ìka ọkọ wa nìkan ni, lórí fóònù ọkọ wa nìkan. Mo wo ìka ara mi. Obì tí mo ti ń bó láti kékeré ti jẹ ojú rẹ̀ lọ, ó ń dán bí ẹ̀yìn ṣíbí. Nígbà tí wọ́n ń ya ìka wa fún káàdì ìdánimọ̀, ẹ̀rọ wọn ò rí mi rárá. Mo ti fi ṣe ẹ̀fẹ̀ kiri ọjà pé èmi ò sí láyé, kẹ́nikẹ́ni má wá gba owó orí lọ́wọ́ mi. Lọ́jọ́ yẹn, kò pa mí lẹ́rìn-ín.

Oòrùn ń lọ. Mò ń rò ó pé nísinsìnyí á ti máa làágùn, nísinsìnyí á ti máa sọ ìsọkúsọ, nísinsìnyí ni. Mi ò jẹ́ kí èrò mi dé ibi tí dókítà parí ọ̀rọ̀ sí. Mo ní kí ìyàwó bi í pé kí ló tún ń gbà.

Olùṣọ́ ní òun lè fi nọ́ńbà kan ránṣẹ́ sí fóònù mìíràn tí onílé ti fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun. Kò sọ fóònù ta ni. Ó fi àmì róbótó-róbótó bo gbogbo rẹ̀, ó fi méjì tó kẹ́yìn hàn: mẹ́fà àti mẹ́ta.

Kì í ṣe tèmi. Mo wo ìyàwó. Kì í ṣe tirẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ti jẹ́ ìyàwó ilé rí, ẹ mọ ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn. Mo ro opó kan ní Ìkẹ́nnẹ́ tó máa ń rẹ́rìn-ín jù bó bá wá ra obì, tó sì jẹ́ pé obì kì í pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Mo rí i lójú ìyàwó pé òun náà ti ń to tirẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ.

Ó ní, "Ìyáálé, ta ló ni mẹ́fà-mẹ́ta?"

Mo ní, "Ìwọ lo dé kẹ́yìn. Ìwọ ló yẹ kó o mọ ẹni tó tẹ̀ lé ọ."

Lọ́kàn mi, mò ń bẹ Ọlọ́run pé kó má jẹ́ kí ọkùnrin náà kú, kí èmi lè rí i pa.

Mo gbójú sókè kí omi má bàa bọ́ lójú mi níṣojú orogún. Ibẹ̀ ni mo ti rí i. Lókè ilẹ̀kùn ilé obì, wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ nọ́ńbà gàdàgbà-gadagba. Gbogbo oníbàárà Òkè Ọya mọ̀ ọ́n sórí. Àwa tí a ni ín kò kà á rí, nítorí kò sẹ́ni tó ń pe ara rẹ̀. Ó parí sí mẹ́fà àti mẹ́ta. Fóònù kékeré oníná tọ́ọ̀ṣì tó wà nínú dúrọ́ọ̀, tí a fi ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀, òun ló ni nọ́ńbà yẹn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ yé mi lójú ẹsẹ̀, bí ẹni pé mo wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ tó ra fóònù, wọ́n ní kó mú nọ́ńbà ẹnì kan wá tí wọ́n á máa bá sọ̀rọ̀ bí ojú ọ̀nà bá dí. Ọkùnrin tó jẹ́ pé bó bá ra ọṣẹ, méjì ni, bó bá ra ẹja, á gé e lọ́gbọọgba, á tún fi ìka wọn ìrù rẹ̀. Wọ́n ní kó mú ẹnì kan ṣoṣo. Bó bá mú tèmi, ó di ìjà. Bó bá mú ti ìyàwó, ó di ogun. Ó wá mú ti ilé obì. Irú ìdájọ́ yìí la ti fi ń yìn ín fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun náà ló sì fẹ́ pa á lọ́jọ́ yẹn.

A fa dúrọ́ọ̀ yọ. Fóònù náà ti kú. Ìyàwó sáré mú páwà báǹkì àti wáyà tó bá fóònù àtijọ́ mu. Ẹni tó bá ti ta ṣájà rí kì í ṣaláìní. A dúró tì í bí ìyá tó dúró ti ọmọ tí kò tíì ké. Ó tàn, ó tún kú. Ó tàn. Ìyàwó ní kí olùṣọ́ fi nọ́ńbà ránṣẹ́. Ó pẹ́ kó tó dé, ìgbà tí mo sì fi kà á jáde tán, tí a fi tẹ̀ ẹ́, olùṣọ́ ní ìyẹn ti kọjá àsìkò, nọ́ńbà òun kì í pẹ́ láyé. Mo bú u. Mo bú ìyá tó bí i, bó bá ní ìyá. A ní kó fi òmíràn ránṣẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò mí títí mo fi kà á tán.

Ó ṣí.

Ó kọ́kọ́ ní kí a mú ọ̀rọ̀ aṣínà tuntun. Ìyàwó tẹ nǹkan kan, mi ò bi í. Máàpù jáde, ilẹ̀ funfun pẹ̀lú ọ̀nà bí iṣan, àti àmì róbótó aláwọ̀ ewé kan. Mò ń wá Ògèrè, mò ń wá Ìpẹ̀rú. Ìyàwó ní kò sí níbẹ̀ rárá. Ó fẹ àwòrán náà, ó sì kà á fún mi: Likosi.

Likosi wà lójú ọ̀nà Ìkòròdú. Kò sí ohun tó yẹ kó gbé ẹni tó ń ti Ìlárá bọ̀ débẹ̀. Ó ní láti jẹ́ pé ó ti kọjá Ṣàgámù, ó ti kọjá ilé ara rẹ̀. Ìdí mi kò dúró lórí àpótí mọ́. Mo ní ṣé fóònù ló wà ní Likosi àbí ọkọ wa. Ìyàwó ní máàpù ò mọ ìyẹn.

Bọ́tìnnì kan wà níbẹ̀ tó lè mú kí fóònù pariwo níbikíbi tó bá wà, bí wọ́n tilẹ̀ ti pa ohùn rẹ̀. Ìyàwó tẹ̀ ẹ́. A dúró, bí ẹni pé a lè gbọ́ ọ láti Ṣàgámù. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo pe fóònù ọkọ wa lórí tèmi tó gbó, mo sì tẹ ohùn rẹ̀ síta kí ìyàwó lè gbọ́. Wọ́n gbé e.

"Ta nìyẹn?"

Ohùn obìnrin ni, àgbàlagbà, tí ọ̀rọ̀ Rẹ́mọ wúwo lẹ́nu rẹ̀. Mo ní èmi ni ìyàwó ẹni tó ni fóònù.

"Ìyàwó," ó ní. "Ẹni tó bá ti pe fóònù ọkùnrin, ìyàwó náà ló máa ń jẹ́."

Ó sọ bó ṣe jẹ́. Ọkọ̀ Ìkòròdú kan ló já bàbá kan sílẹ̀ níwájú ìsọ̀ òun, awakọ̀ ní ó ń sọ ìsọkúsọ, ó ń da èrò láàmú. Wọ́n gbé e jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ó ń làágùn, aṣọ rẹ̀ ti rin, ó sì ń bi àwọn èèyàn pé níbo ni wọ́n kó obì òun sí. Kò sẹ́ni tó tọwọ́ bọ àpò rẹ̀, nítorí bó bá kú, ẹni tó tọwọ́ bọ àpò òkú ni wọ́n máa kọ́kọ́ mú. Àfi ìgbà tí àpò náà fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ó ní gbogbo ọkùnrin tó wà níbẹ̀ ló sá, òun nìkan ló kù.

Mo bi í pé kí ni ó ń tà. Ó ní ẹlẹ́rìndòdò àti omi inú ọ̀rá.

Ìyàwó mú apá mi. Mo bẹ obìnrin náà, mo pè é ní ìyá mi, mo ní kó ṣí ìgò kan kíákíá, kó fi sí i lẹ́nu bó bá ṣì lè gbé e mì, pé àìsàn ìtọ̀ ṣúgà ló ń ṣe é.

Ohùn rẹ̀ yí padà.

"Ṣúgà ló ń ṣe é, ẹ wá ní kí n fún un ní ṣúgà. Ta ló rán yín sí mi? Bó bá kú sórí bẹ́ǹṣì mi, ṣé ẹ̀yin lẹ máa wá jẹ́jọ́? Mi ò mọ̀ yín. Ohùn lásán ni yín. Àmì wo lẹ mú dání?"

Mo fẹ́ bú u. Mo ní èébú rẹ̀ lẹ́nu, ó ti pé, ó ti gbóná. Ẹ̀rù ló gbé e mì fún mi. Olùṣọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì, bó bá lé wa, ìgò ò sí níwájú rẹ̀. Obìnrin yìí, ìgò wà níwájú rẹ̀, ọkọ mi wà níwájú rẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà á bó ṣe ń bà mí.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, àmì wo lẹ máa gbà?"

Ó ní kí n sọ aṣọ tó wọ̀.

Mi ò rí ọkùnrin náà láàárọ̀. Ikọ́ rẹ̀ ni mo gbọ́. Obìnrin náà ní ṣé a ti rí i, ìyàwó tí kò mọ aṣọ ọkọ. Mo rí i pé ó fẹ́ pa fóònù. Ìyàwó gbà á lọ́wọ́ mi, ó ní bùbá àti ṣòkòtò àdìrẹ ni, fìlà funfun, òun ló sì fi òwú dúdú rán bọ́tìnnì ọrùn rẹ̀ nítorí funfun ti tán nílé.

Obìnrin náà ní bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ó ní ẹnikẹ́ni tó bá jókòó tì í nínú ọkọ̀ lè rí aṣọ, ó lè rí òwú, gbọ́mọgbọ́mọ náà lójú. Kí la mọ̀ tí aṣọ bò?

Mo gba fóònù padà. Mo ní, "Ẹ ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè. Lẹ́yìn orúnkún ọ̀tún. Epo gbígbóná ló jó o níbẹ̀ ní kékeré. Àpá náà là sí méjì, ọ̀kan kúrú."

A gbọ́ tó gbé fóònù kalẹ̀. A gbọ́ tó pe àwọn ọkùnrin pé kí wọ́n wá gbé ẹsẹ̀, ojo ni gbogbo wọn. A gbọ́ ọkọ̀ tó ń kọjá, òmíràn, àti òmíràn. Ìyàwó ti dorí kodò. Kò sí ohun tí a lè tẹ̀, kò sí ọ̀nà mìíràn nísàlẹ̀ ibẹ̀. Bí àpá náà bá ti parẹ́ nítorí ọjọ́ ogbó, tí n kò sì mọ̀, nítorí ó ti pẹ́ tí mo ti wo ẹ̀yìn orúnkún ọkọ mi?

"Ó wà níbẹ̀," obìnrin náà sọ láti òkèèrè. A gbọ́ tí ìgò dún fẹ̀ẹ̀.

Mo ní kó rọra, kó máa fi sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Ó ní kí n dákẹ́, òun ti tọ́mọ rí. Ó ní ó gbé e mì. Ó ní ó tún gbé e mì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọkọ̀ tó ń kọjá ní Likosi nínú etí mi. Nígbà tó yá, a gbọ́ ohùn ọkùnrin kan, ó há, ó ń binú.

"Ta ló ká ṣòkòtò mi?"

Ìyàwó sunkún débi pé àwọn tó ń kọjá lọ dúró wò wá. Èmi ò sunkún. Mo ti dé etí títì, mò ń pe ọ̀kadà.

Ọ̀kadà kan ṣoṣo ló gbé àwa méjèèjì lọ, ìyàwó láàárín, èmi lẹ́yìn, a ò rójú bá a dúnàádúrà. Lọ́nà, ìyàwó yí orí padà sí mi, ó ní òun náà mọ àpá yẹn. Mo ní mo mọ̀ pé ó mọ̀ ọ́n. A ò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ títí a fi dé Likosi.

Ọkọ wa wà lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú ìgò òfìfo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ àti búrẹ́dì lọ́wọ́, ojú rẹ̀ rí bí ojú ẹni tí wọ́n jí ní ilé onílé. Kò rántí pé òun wọ ọkọ̀ kejì. Ó ní nígbà tí òun kírun ní Ìlárá lòun ti pa ohùn fóònù, òun ò rántí láti tún un ṣí. Obìnrin náà kò jẹ́ kí a sún mọ́ ọn. Ó dúró láàárín, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó ní èwo nínú wa ló mọ aṣọ, èwo ló mọ àpá. A dáhùn. Ó ní kí ẹni tó mọ aṣọ tún sọ àwọ̀ òwú náà. Ìyàwó sọ ọ́. Ìgbà yẹn ló tó yẹ̀ kúrò lọ́nà, tó jókòó sórí kúlà rẹ̀, tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, òun tó ti ń ṣe akin láti ọ̀sán. Èmi ni mo di í mú. Mo gbé orí rẹ̀ sí èjìká mi, mo sì ń gbọ̀n pẹ̀lú rẹ̀.

Ọkọ wa bi wá pé báwo la ṣe rí òun. Ìyàwó ní a wọ inú àkáǹtì rẹ̀. Ó wo ìyàwó, ó wò mí, ó tún wo ìyàwó, ó ní kí la rí níbẹ̀. Mo ní òun la wá. Kò tíì gbà mí gbọ́ títí dòní.

Nọ́ńbà àwa méjèèjì ló wà lọ́dọ̀ olùṣọ́ yẹn báyìí. Ìyàwó ní ó gbà ju ẹyọ kan lọ, ọkọ wa ni kò béèrè. Ẹ̀rù náà kò sì lọ tán. Mo ṣì ń fi ẹnu mi gún àwọn èèyàn lọ́jà, mo ṣì ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ láràárọ̀ tí kì í bá ṣe ọjọ́ mi, bí mo bá ti gbọ́ ikọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo máa ń dìde. Màá ní kó dúró. Màá wo fìlà, màá wo bùbá, màá wo òwú ọrùn rẹ̀. Á ní kí ni mò ń wò. Màá ní ó dọ̀tí.